Oyún ìbejì: bí ìyá ṣe lè sanra tó bó ṣe yẹ kí ọ̀sẹ̀ 24 tó kọjá

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ọmọ méjì ló wà níkùn, ìmọ̀ràn méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nílé. Ẹnì kan á ní kí ẹ máa jẹun ènìyàn mẹ́ta. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ rọra jẹun, kí àwọn ọmọ má baà tóbi jù, kí wọ́n má baà fi abẹ gbẹ̀bí yín. Ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjèèjì kò bá oyún ìbejì mu. Títóbi jù kọ́ ni ìṣòro ìbejì, kíkéré jù ni, àti títètè dé. Ó ju ìdajì ìbejì lọ tí wọ́n ń bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tó kìló 2.5 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ṣe ààlà fún ọmọ tí kò wúwo tó.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ìyá ìbejì tí mo bá pàdé ní ántínétà pé kí wọ́n má dúró de oṣù kẹjọ. Ìwọ̀n tí ìyá bá fi kún ara rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé ló ń ran àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ jù. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọmọ á ti gba àyè ikùn, oúnjẹ díẹ̀ lá máa yó ìyá, ó sì ṣeé ṣe kí ìrọbí dé kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ìtọ́sọ́nà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ìyá tó ń gbé Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpó, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn, pẹ̀lú oúnjẹ tó wà lọ́jà wa.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú oyún tí ẹ gbé

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàwòrán inú yín láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14. Àsìkò yẹn ló rọrùn jù láti rí bóyá ibi ọmọ kan ni àwọn méjèèjì jọ ń pín, tàbí kálukú ló ní tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń mú èsì wá tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju pé ìbejì ni. Bí ibi ọmọ bá jẹ́ méjì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n sábà máa ń yàwòrán inú. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 16, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn láti ara ọmọ kan lọ sára èkejì, kí omi tó yí ọ̀kan ká nínú ilé ọmọ máa gbẹ, kí ti èkejì máa pọ̀ sí i. Ìyá á rí i pé ikùn òun ń yọ, òṣùwọ̀n ń gòkè, inú rẹ̀ á sì máa dùn, láìmọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló gbé e gòkè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ara yín bó ṣe tọ́

Orí ìwọ̀n tí ẹ ní kí ẹ tó lóyún ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lo èyí tí wọ́n kọ sínú káàdì lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀, bí oyún kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà náà. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ jáde, tàbí kí ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti wọn ara. Kó jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kí òṣùwọ̀n wà lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì, kì í ṣe orí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kó sì jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìró méjì, híjáàbù gígùn àti fóònù lè fi ohun tó tó kìló kan kún un, ìyẹn sì tó láti bo ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò sanra rárá mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nílé, ti ilé ìtójú aláboyún tàbí ti kẹ́míìsì àdúgbò náà á ṣe é.

Ẹ wá mọ BMI yín, ìyẹn òǹkà tó ń fi ìwọ̀n ara yín wé gíga yín. Ẹ fi gíga yín ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi ohun tó jáde pín ìwọ̀n ara yín. Ká ní ìyá kan ga ní mítà 1.60, tó sì wúwo ní kìló 58 kó tó lóyún. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Bí a bá fi 2.56 pín 58, ó di 22.7. BMI rẹ̀ nìyẹn.

Institute of Medicine, àjọ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé iye tó yẹ kí ìyá ìbejì fi sanra títí di ìgbà ìbí jáde ní 2009, òun sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń lò:

- BMI 18.5 sí 24.9: kìló 16.8 sí 24.5
- BMI 25 sí 29.9: kìló 14.1 sí 22.7
- BMI 30 sókè: kìló 11.3 sí 19.1

Wọn kò kọ iye kankan fún ìyá tí BMI rẹ̀ kò tó 18.5. Tí ẹ bá wà nínú àwọn wọ̀nyí, kí dókítà bá yín ṣètò tiyín ní kíákíá, torí ẹ̀yin gan-an lẹ kò ní ọ̀rá ní ìpamọ́ tí ara lè máa fà lò. Ẹni tó bá gbé ìbẹta náà, kí ó gba iye tirẹ̀ lẹ́nu dókítà.

Fún ìfiwéra, kìló 11.5 sí 16 ni aláboyún ọmọ kan tí BMI rẹ̀ dára, ìyẹn 18.5 sí 24.9, yẹ kí ó fi kún. Ẹ rí i pé kò di ìlọ́po méjì. Kì í sì í ṣe ọ̀rá nìkan ni: àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ibi ọmọ, omi, ilé ọmọ tó ti fẹ̀, ọmú, àti ẹ̀jẹ̀ ìyá, tó máa ń pọ̀ nínú oyún ìbejì ju ti ọmọ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀

Ìyá tí BMI rẹ̀ dára, kìló 11 ni kí ó máa lé kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé. Ó rọrùn láti rántí, àwọn tó ń fi páùn wọn nǹkan á ní páùn 24 ní ọ̀sẹ̀ 24. Bí ìyá tó wúwo ní kìló 58 yẹn bá fi kìló 2 kún láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó máa fi nǹkan bí kìló 0.7 sí 0.8 kún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà dé ọ̀sẹ̀ 24, á ti wà ní nǹkan bí kìló 69. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì kìló lọ́sẹ̀ á gbé e dé ibi tó yẹ.

Ọ̀sẹ̀ kan tí kò gòkè kì í ṣe wàhálà. Ọ̀sẹ̀ méjì léra tí òṣùwọ̀n dúró sójú kan láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí 28, ẹ mẹ́nu bà á ní ántínétà, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ìyá tó ti sanra tẹ́lẹ̀ á lọ díẹ̀díẹ̀ ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó máa dín ara kù nínú oyún ìbejì, bó ti wù kó sanra tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Oúnjẹ gan-an

Nǹkan bí kálórì 600 lójúmọ́ ni ìyá ìbejì nílò lé orí oúnjẹ tó ń jẹ kí ó tó lóyún. Kì í ṣe àwo oúnjẹ mẹ́ta. Ife ẹ̀kọ tí a fi nǹkan kún, ẹyin sísè méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ohun tó wà nínú oúnjẹ náà ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá fi ẹ̀bà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dí kálórì yẹn, òṣùwọ̀n á gòkè, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ iṣan àti egungun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀kọ yẹn dáadáa, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù fún ìyá tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀wà sóyà, ẹ ṣà á, ẹ yan án lórí iná tí kò le títí òórùn tútù rẹ̀ á fi lọ, tí á máa ta sánsán. Ẹ fi ọwọ́ ra èèpo rẹ̀ kúrò, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ yan ẹ̀pà náà, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀pà tó bá ti hu funfun tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe é mọ́ ọn. Kí kálukú wà nínú agolo tó ní ìdérí. Láàárọ̀, ẹ po ògì, ògì bàbà dára púpọ̀, ẹ fi síbí ìjẹun méjì yẹ̀fun sóyà pò ó pọ̀ nínú omi tútù kí ó má baà ṣù, ẹ gbé e kaná, kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa rò ó. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ro síbí ẹ̀pà lílọ̀ kan àti síbí mílíìkì oníyẹ̀fun méjì mọ́ ọn. Ife kan rẹ̀ lé díẹ̀ ní kálórì 300. Àkàrà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ ìyá ìbejì ti pé.

Ẹ̀wà tí à ń sè fún ìbejì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti délé, kí ìyá wọn ti máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a fi ẹyin àti ẹja sí, ẹ̀wà rírọ̀, gbẹ̀gìrì lórí àmàlà: gbogbo rẹ̀ ló ń mú ara àwọn ọmọ dàgbà. Bí ẹ̀wà bá ń fẹ́ yín nínú, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é. Ẹ má fi kánún sí i.

Ìlọrin ní wàrà, ìbùkún ni fún wa. Ẹ̀ka oúnjẹ amáradàgbà ló wà, ó sì ní kálísíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ bí ẹ ṣe rà á láti inú igbá, torí ó ti lè wà nínú omi rẹ̀ láti àárọ̀, tí ọwọ́ púpọ̀ sì ti kàn án. Ẹ gé e, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ dín in tàbí kí ẹ sè é nínú ọbẹ̀ títí á fi gbóná dé inú. Nónò tí wọn kò sè, ẹ fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìbí. Wàrà sóyà kò wọ́n tó ti màlúù, ó sì dára.

Ní ti òkèlè: kí ọbẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju òkèlè lọ. Iyán ilẹ̀ Ìgbómìnà dùn, mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ikùn ìyá ìbejì kò láyè púpọ̀, iyán ńlá kan á sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ bù ú kékeré, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, edé àti irú kún àwo. Ànàmọ́ Ọ̀fà, pàápàá èyí tí inú rẹ̀ pọ́n, dára ní sísè pẹ̀lú ẹyin. Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran. Ó ń kún ẹnu, kò fi bẹ́ẹ̀ kún ara àwọn ọmọ, nítorí náà owó tí ẹ fẹ́ fi ra pọ̀nmọ́, ẹ fi ra ẹyin tàbí sáwá.

Ẹ pín oúnjẹ sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, mẹ́ta ńlá, mẹ́ta kékeré. Ìyá tó ń tajà ní Ìpàtà tàbí Ọjà Ọba kò lè máa dáná lẹ́ẹ̀mẹfà, mo mọ̀. Kí ó gbé ẹ̀pà yíyan, ẹyin sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ sí ìsọ̀, kí ó má dúró de àsìkò tí oníbàárà bá dínkù kó tó jẹun. Kí ó tún jẹ nǹkan kékeré kí ó tó sùn.

Àwọn àgbà kan á ní aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin kí ọmọ má baà jalè, tàbí ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ má bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹyin yín. Bí ìyá ọkọ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ mú un dání lọ sí ántínétà lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí i tí ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń se ẹyin náà.

Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ má jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀. Ọtí àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, rárá. Bí ẹfun tàbí amọ̀ bá ń wù yín jẹ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, jíjẹ ẹ́ sì ń mú kí ó tún dínkù sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí oúnjẹ kò bá dúró

Èébì máa ń le nínú oyún ìbejì. Ẹ jẹ nǹkan gbígbẹ díẹ̀ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ má mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ, ẹ máa mu un láàárín oúnjẹ. Bí omi pàápàá kò bá dúró láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí ìyá tó wúwo ní kìló 58 bá ti já wálẹ̀ tó kìló 3, ilé ìwòsàn ni. Bí àyà bá ń ta yín lóṣù tó gbẹ̀yìn, ẹ má dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé orí sókè bí ẹ bá ń sùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Oògùn tó ń ran oúnjẹ lọ́wọ́

Àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ lára ìyá ìbejì. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì tí wọ́n bá fún yín, pẹ̀lú ọsàn tàbí omi, kì í ṣe tíì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á. Bí wọ́n bá fún yín ní kálísíọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ ọmọ di kékeré nínú. Ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì gba SP, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà nínú oyún, láti oṣù kẹrin lọ, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí oṣù kan wà láàárín wọn. Fólíìkì oní-5 mílígíráàmù kì í jẹ́ kí SP ṣiṣẹ́, 0.4 mílígíráàmù kò ní wàhálà. Bí 5 ni wọ́n kọ fún yín, ẹ rán wọn létí kí wọ́n tó fún yín ní SP.

Ẹ tún bi dókítà bóyá ẹ nílò ásípírìn kékeré láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, nítorí oyún ìbejì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru súnmọ́ ìyá. Ẹ má fúnra yín rà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Ààwẹ̀ Ramadan

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń le ní Ìlọrin, nítorí ojú máa ń ti ìyá láti jẹun nígbà tí gbogbo ilé ń gbààwẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé aláboyún tó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀ lè fi ààwẹ̀ sílẹ̀; bí yóò ṣe san án padà ni kí ó bi Alfa rẹ̀. Èrò tèmi ni pé oyún ìbejì ti tó ìdí. Wákàtí mẹ́tàlá láìjẹ láìmu, ní àsìkò tí ìyá yẹ kí ó máa jẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin lẹ lè mú kí ó rọrùn fún un. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú ìyá yín pé kí ìyàwó máa jẹun, kò sí ẹni tó máa tún wò ó lójú.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwọ̀n tó gòkè tí kì í ṣe oúnjẹ

Bí ìwọ̀n bá fi kìló kan àbọ̀ tàbí méjì gòkè lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ má yọ̀. Ẹ wo ojú àti ọwọ́ yín láàárọ̀: òrùka ò bọ́ mọ́, ìpéǹpéjú wú. Bí orí fífọ́ tí kò lọ, ojú ṣíṣú tàbí ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún bá tẹ̀ lé e, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà kí wọ́n yẹ ìfúnpá àti ìtọ̀ yín wò. Irú èyí ló ń di gìrì aláboyún. Ikùn tó yọ lójijì láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó le, tí èémí kò fi já gaara, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ, pàápàá bí ibi ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀, omi tó tú, inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, tàbí àwọn ọmọ tí kò yí bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má sùn lé e lórí. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò fún yín náà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Ẹ tètè mọ ibi tí ẹ ó bí sí. Dókítà sábà máa ń fẹ́ gbẹ̀bí ìbejì tó ní ibi ọmọ méjì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 37, àwọn tó jọ ń pín ẹyọ kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Kó jẹ́ ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ, tó lẹ́jẹ̀ nílẹ̀, tó sì ní ibi ìtójú ọmọ tí kò tíì pé oṣù. Ẹni tó ń gbé Òkè-Ọ̀nìgbìn tàbí Ìsánlú-Ìsin, kí ó ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́, kí ó ní nọ́ńbà ẹnì kejì bí ti àkọ́kọ́ kò bá gbé, kí ó sì mọ ẹni tí yóò dé sí lọ́dọ̀ ní Ìlọrin láti ọ̀sẹ̀ 34 bí dókítà bá ní kí ó súnmọ́ tòsí. Káàdì ántínétà, èsì ìyàwòrán inú, owó ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò ìlera bí ẹ bá ní, kí gbogbo wọn ti wà nínú báàgì kan láti ọ̀sẹ̀ 28.